Ọjọ́ wo ni iye tuntun bẹ̀rẹ̀? Ìdí tí owó ìrìnàjò iṣẹ́ fi ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba l'Óṣogbo

Fáúṣà náà, ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ń béèrè owó ìrìnàjò iṣẹ́, wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan tó ti gbó létí. Báírò búlúù ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ iye owó sí i. Ẹlòmíì wá fi báírò pupa fa ìlà gba àárín iye náà kọjá, ó kọ òmíràn tó kéré sí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Iye àtijọ́ ni kí ẹ lò." Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ló ni fáúṣà yìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, Òṣogbo ló ń gbé. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì rẹ̀, torí ó ṣì fẹ́ gba owó náà. Ó fi ìka lé ìlà pupa yẹn, ó ní, "Àbúrò, wò ó, ìlà yìí ló jẹ owó mi."

Alẹ́ mẹ́rin ló lò l'Ábùjá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí iye tuntun tí ìjọba ń san fún alẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá fọwọ́ sí ìrìnàjò náà. Iye tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin náà ti padà dé fún oṣù mélòó kan kí fáúṣà tó dé iwájú àwọn tó máa sanwó. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, àárín wọn sì ni gbogbo ìjà tó wà nínú fáìlì náà wà. Ó lọ bá ọmọkùnrin tó wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó.

"Mà, ẹ má bínú, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i làwa ń wò."

"Ṣé ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ni mo sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ni?"

"Ọ́díìtì ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mà."

Ibẹ̀ ni wọ́n bá a dé lọ́jọ́ yẹn.

Láti 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n ti yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo ti di ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba. Láàárọ̀, àwọn kòròpé á ti máa kó wọn láti Ọlá-Ìyá àti Òkè-Fíà lọ sí Abéèrè níbi tí sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ náà ò kéré nílùú. Àdúgbò kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná, ọmọ wọn sì jọ ń lọ ilé ìwé kan náà. Nítorí èyí, tí owó ìrìnàjò àwọn ará àpapọ̀ bá yí padà, ìròyìn á ti dé Abéèrè kí ilẹ̀ tó ṣú, ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni pé, tiwa ńkọ́?

DTA, ìyẹn Duty Tour Allowance, ni wọ́n ń pe owó náà. Mi ò tíì gbọ́ kí òṣìṣẹ́ kan pè é ní orúkọ mìíràn lẹ́nu iṣẹ́, ì báà jẹ́ Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí iṣẹ́ bá gbé kúrò ní ibùdó rẹ̀ tó sì sùn síbi tó lọ ni ìjọba ń fún, kó lè rí ibi sùn kó sì rí nǹkan jẹ. Alẹ́ ni wọ́n ń kà. Ẹni tó jáde láàárọ̀ tó sì padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ ò ní alẹ́ kankan tó máa kà, owó ọkọ̀ nìkan ló lè béèrè. Ẹni tó bá sì gbé mọ́tò ara rẹ̀ lọ, kìlómítà ni wọ́n máa ń bá a ṣírò.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ò mọ̀. Ìjọba ò wo iye tí òtẹ́ẹ̀lì gbà kó tó san DTA. Lẹ́fẹ̀lì òṣìṣẹ́, ìyẹn ipò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ló ń wò. Iye kan wà nílẹ̀ fún lẹ́fẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, òun náà ni wọ́n á fi sọ iye alẹ́ tó lò di púpọ̀. Tí òtẹ́ẹ̀lì bá gbà ju ìyẹn lọ, àpò òṣìṣẹ́ ló máa fi dí i. Tó bá sì lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Kubwa, èyí tó ṣẹ́kù di tirẹ̀. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ Òṣogbo mìíràn fi mọ ilé gbogbo mọ̀lẹ́bí tó ní l'Ábùjá ju òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ lọ.

Torí pé iye tó wà nílẹ̀ ni, kì í yí padà fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tó máa gbé e sókè àfi ìwé ìkéde tí wọ́n ń pè ní sákúlà. Ọjà lè yí padà ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ iye DTA lè wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tó bá wá yí, ó máa ń fò gan-an ni, àlàfo tó wà láàárín ti àná àti tòní á sì tóbi débi pé ọjọ́ kan péré lè sọ owó ẹnìkan di ìlọ́po méjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní 2022. Àjọ tó ń rí sí owó oṣù àti owó iṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀, National Salaries, Incomes and Wages Commission, gbé sákúlà jáde pé iye DTA tuntun bẹ̀rẹ̀ láti 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Mínísítà tó ń gba 35,000 náírà fún alẹ́ kan bọ́ sí 80,000. Akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ ìjọba kúrò lórí 20,000, ó di 70,000. Àwọn tó wà ní lẹ́fẹ̀lì 16 àti 17 kúrò lórí 16,000, wọ́n di 37,500. Lẹ́fẹ̀lì 7 sí 10 di 17,500, lẹ́fẹ̀lì 1 sí 4 sì di 10,000. Ẹ fi ojú inú wo ọ̀gá lẹ́fẹ̀lì 16 kan tó sùn ní Kánò ní alẹ́ 31 oṣù Kẹjọ, àti ojúgbà rẹ̀ tó sùn nínú yàrá kejì ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Òtẹ́ẹ̀lì kan náà, ọbẹ̀ kan náà, ẹnìkan gba 16,000, èkejì gba 37,500.

Sákúlà yẹn ò de àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó wà ní Abéèrè. Ibí yìí ni àríyànjiyàn tó pọ̀ jù láàárín àwọn ará ìpínlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ ká là á dáadáa. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 197, fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ òṣìṣẹ́ ìjọba tirẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ ni òfin àpapọ̀ lè fi de gbogbo ìpínlẹ̀. Èyí wà ní 30,000 náírà láti 2019, ó sì di 70,000 nígbà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù Keje ọdún 2024. Ọ̀ṣun tiẹ̀ fi díẹ̀ kún tirẹ̀: Gómìnà Adeleke ní 75,000 ni kó jẹ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti 1 oṣù Kejìlá ọdún yẹn. DTA ò sí nínú òfin owó oṣù yìí rárá. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbé e sókè ní láti gbé sákúlà tirẹ̀ jáde, kó sì fi owó rẹ̀ sínú ìsúná. Òṣìṣẹ́ tó bá mú sákúlà àpapọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ láti fi béèrè owó, ìwé onílé ẹlòmíì ló mú lọ sílé ẹjọ́.

Ìṣòro kejì ni epo. Iye tuntun ti 2022 ò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án tí Ààrẹ fi kéde ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Lítà kan tí kò tó 200 náírà ní ilé epo NNPC ṣáájú ìgbà yẹn fò bọ́ sí àyíká 500. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ó ti di 617 l'Ábùjá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000. Ó padà wálẹ̀ díẹ̀ ní 2025, àmọ́ ẹni tó bá ń wọkọ̀ ní Old Garage mọ̀ pé owó ọkọ̀ kì í bá epo sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí epo bá ń gòkè nìkan ni wọ́n jọ ń rìn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹnìkan lọ sí Ìfẹ́tẹ̀dó. Mo mú ibẹ̀ torí pé ó jìnnà díẹ̀, àti torí pé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà síbẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n ń jà níbẹ̀ o, ọ̀nà ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ẹni tí iṣẹ́ rán láti Òṣogbo á wọ ọkọ̀ dé Ilé-Ifẹ̀, á bọ́ sílẹ̀, á wọ òmíràn tó ń gba ọ̀nà Oǹdó, á bọ́ ní Ìfẹ́tẹ̀dó, á sì tún gun ọ̀kadà dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa mówó jáde lápò ní àlọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ní àbọ̀. Tó bá dé ọ́fíìsì, wọ́n á ní kó mú rìsíìtì wá. Ọlọ́kadà wo ló ń já rìsíìtì? Mo mọ ọkùnrin kan tó máa ń ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ àti ẹ̀yìn ọlọ́kadà nítorí èyí. Ẹ̀ka ìṣirò ò gba fọ́tò náà rí, síbẹ̀ ó ṣì ń yà á. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa gbà á, tòun á ti wà nílẹ̀.

Tí owó ọkọ̀ bá wà lórí iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí epo wà ní 185, ẹni tó lọ sí Ìfẹ́tẹ̀dó nígbà tí epo wọ 1,000 ti fi owó ara rẹ̀ kún ti ìjọba. Tí wọ́n bá tún wá pẹ́ kí wọ́n tó san èyí tí wọ́n gbà láti san, ó ti yá ìjọba lówó nìyẹn, láìsí èlé, láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í bóyá ó wù ú láti yá wọn. Èmi ò rò pé ohun tó ń bí àwọn òṣìṣẹ́ nínú gan-an ni pé owó kéré. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé àwọn ni ilé ìfowópamọ́ tí ìjọba kọ́kọ́ ń yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́fẹ̀lì tó sì kéré jù ló ń yáni lówó jù tí a bá fi wé ohun tó ń gbà lóṣù.

Ẹ wo àwọn awakọ̀. Ẹ̀mí ọ̀gá wà lọ́wọ́ wọn láti Òṣogbo dé Lọ́kọ́ja dé Àbújá, àmọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú, DTA wọn ò lè gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbé ọ̀gá lọ. Ní iye àpapọ̀ ti 2022, ọ̀gá lẹ́fẹ̀lì 17 gba 37,500, awakọ̀ tó wà ní lẹ́fẹ̀lì 4 gba 10,000. Òtẹ́ẹ̀lì ò sì bi ẹnikẹ́ni ní lẹ́fẹ̀lì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sùn sínú mọ́tò, wọ́n á tẹ ìjókòó iwájú sẹ́yìn, wọ́n á ṣí wíńdò díẹ̀ kí ooru má bàa pa wọ́n, wọ́n á sì tọ́jú 10,000 náà lọ sílé. Lójú ìwé, alẹ́ òtẹ́ẹ̀lì lalẹ́ yẹn. Tí ọ́díìtì bá wá béèrè rìsíìtì òtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó mú wá?

Ká padà sórí ọjọ́ mẹ́ta yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà.

Àwọn tó ní ọjọ́ ìfọwọ́sí ni ká wò, ọ̀rọ̀ wọn nídìí. Iye kan ni ọ̀gá fọwọ́ sí. Iye yẹn ni wọ́n yọ kalẹ̀ nínú owó tí ìsúná fún ẹ̀ka náà. Ẹni tó wà ní ẹ̀ka ìṣirò ò láṣẹ láti fi ẹyọ kọ́bọ̀ kan kún ohun tí ọ̀gá buwọ́ lù, tó bá fi kún un, òun ni ọ́díìtì máa mú. Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn sọ fún ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi pé ọjọ́ ìfọwọ́sí làwọn ń wò, kì í ṣe pé ó ń fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Orí ara rẹ̀ ló ń gbà.

Àwọn tó ní ọjọ́ ìsanwó ni ká wò, ìbínú wọn yé mi, àmọ́ mi ò lè tì wọ́n lẹ́yìn. Alábàáṣiṣẹ́ ẹ̀gbọ́n wa kan ti lọ sí Àkúrẹ́ ó sì ti dé kí iye tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ó wá ní torí pé iye tuntun ti wà nígbà tí wọ́n máa sanwó fún òun, òun náà ni kí wọ́n fún òun. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíì. Tí wọ́n bá gba ti ọkùnrin yìí, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé sákúlà ń bọ̀ á kàn jókòó lé kíléèmù rẹ̀ títí yóò fi jáde. Ohun tó lè béèrè, tó sì tọ́ sí i lójú tèmi, ni kí wọ́n tètè san iye àtijọ́ náà fún un. Ìyẹn ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni.

Ó ku ọjọ́ ìrìnàjò. Ọjọ́ yẹn ni owó jáde lápò, ọjọ́ yẹn ni òtẹ́ẹ̀lì gba owó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn. Ìjọba wọn ń ṣe àyẹ̀wò owó alẹ́ àti owó oúnjẹ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, iye tuntun sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kẹwàá tí ọdún ìsúná wọn bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, fún àwọn ìlú tí wọn ò dá iye lé lọ́tọ̀, owó yàrá kúrò ní 107 dọ́là fún alẹ́ kan, ó di 110, owó oúnjẹ sì kúrò ní 59, ó di 68 lójúmọ́. Owó máìlì fún ẹni tó gbé mọ́tò ara rẹ̀ náà ń yí padà, ní 2022 tí epo wọ́n gógó níbẹ̀, wọn ò dúró de ìparí ọdún, láti 1 oṣù Keje ni wọ́n ti gbé e láti sẹ́ǹtì 58.5 sí 62.5. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ rìn ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó rìn ní 30 oṣù Kẹfà gba 58.5 bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù Kẹjọ ló mú kíléèmù wá. Wọ́n ń jà náà o, kò síbi tí òṣìṣẹ́ àti ẹ̀ka ìṣirò kì í ti í jà. Àmọ́ torí pé díẹ̀díẹ̀ ni iye wọn máa ń yí, dọ́là mélòó kan ni wọ́n máa jà lé lórí. Tiwa máa ń dúró títí tó fi máa di ọ̀rọ̀ ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta.

Àpẹẹrẹ kan wà nílé tí kò nílò ká lọ sí Amẹ́ríkà, ó tiẹ̀ wà létílé wa ní Ẹdẹ níbi tí àgọ́ NYSC Ọ̀ṣun wà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó àwọn agùnbánirọ̀ ti kúrò ní 33,000, ó ti di 77,000, láti oṣù Keje ọdún náà. Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni owó náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àkáǹtì. Àwọn tó parí iṣẹ́ ìsìn wọn láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹta yẹn ńkọ́? Wọ́n ti bọ́ aṣọ kaki, wọ́n ti gba sátífíkéètì, síbẹ̀ ọjọ́ tó wà nínú ìkéde sọ pé owó jẹ́ tiwọn. Wọ́n béèrè àjẹsílẹ̀ wọn, ìbéèrè wọn sì bá ọjọ́ mu. Ohun tó mú un le ni pé ìwé sọ ọjọ́ kan, owó dé lọ́jọ́ mìíràn, kò sì sí ìlànà tó kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tí wọ́n máa ṣe fún ẹni tó já sí àárín.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun kì í fi tètè gba "ó ń bọ̀" gbọ́ ní láti rántí owó oṣù àbọ̀. Láti 2015 títí di 2018, nígbà ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá, àwọn tó wà ní lẹ́fẹ̀lì 7 sísàlẹ̀ ń gba owó wọn pé, àwọn tó wà lókè wọn ń gba ìdá kan níbẹ̀, ó sì burú débi pé ìdajì péré ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ń mú lọ sílé. Oyetola tó tẹ̀ lé e padà sórí owó oṣù tó pé. Ìjọba Adeleke ti ń san nínú gbèsè àtijọ́ yẹn ní díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ti fẹ̀yìn tì kó tó kàn wọ́n. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ lẹ ti máa sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó lọ fi owó ara rẹ̀ rìnrìn àjò, wọ́n á dá a padà. Ojú ló máa fi wò yín.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ́díìtì náà ò yẹ ká sọ ọ́ ní ìdajì. Àwọn kan ń gba DTA ìrìnàjò tí wọn ò rìn. Ẹnìkan á fi ọjọ́ márùn-ún sí ìwé fún ìpàdé ọjọ́ méjì. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan wà tí wọ́n á ta rìsíìtì fún èèyàn láìjẹ́ pé ó sùn síbẹ̀, òǹtẹ̀ á wà lórí rẹ̀, ọjọ́ á wà, nọ́ńbà yàrá pàápàá á wà. Ẹni tó bá ti rí irú ìyẹn ní ìgbà mẹ́wàá á máa wo ìkọkànlá pẹ̀lú ìfura, ì báà jẹ́ òótọ́. Báírò pupa tó wà lórí fáúṣà obìnrin yìí, ẹlòmíì ti jẹ̀bi rẹ̀ kí òun tó dé ibẹ̀. Ohun tí mo bá ọ́díìtì wí lé lórí ò ju pé wọn ò kọ ìdí: "Iye àtijọ́ ni kí ẹ lò" kì í ṣe àlàyé. Wọn ò sọ sákúlà tí wọ́n gùn lé, wọn ò sọ ìpínrọ̀ wo nínú rẹ̀.

Sákúlà fúnra rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lọ́nà. Wọ́n lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù, kó má dé àwọn ẹ̀ka kéékèèké títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù kan fi kọjá. Ẹni tó wà lẹ́bàá ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà á rí i lórí WhatsApp lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó wà ní ẹ̀ka tó wà nígbèríko lọ́hùn-ún, ẹ̀dà ẹ̀dà rẹ̀ ló máa rí, tí ìlà ìsàlẹ̀ ti parẹ́ nínú fọtokọ́pì. Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn ló sì sábà máa ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún ìrìnàjò tó ti bẹ̀rẹ̀ kí iye tuntun tó dé, tí wọ́n bá tiẹ̀ rántí kọ ọ́.

Owó àsansílẹ̀ tún ń dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ́fíìsì tó bá lówó lọ́wọ́ á fún òṣìṣẹ́ ní DTA rẹ̀ kó tó lọ, ní iye tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tó bá dé, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò owó náà padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Tí iye bá wá yí padà nígbà tó wà lọ́nà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó béèrè àlékún alẹ́ tó bọ́ sí abẹ́ iye tuntun, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò béèrè. Wọ́n ní tí àwọn bá ṣí fáìlì náà padà, ọ́díìtì lè rí ohun mìíràn níbẹ̀. Mi ò lè bá wọn jiyàn. Tí fáìlì bá ti padé, ẹni tó ṣí i ló máa dáhùn ohun tó bá jáde nínú rẹ̀.

Níbo ni òṣìṣẹ́ lè gbé ẹjọ́ lọ? Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ibi àkọ́kọ́, ìyẹn NLC, TUC àti ìgbìmọ̀ JNC tó ń bá ìjọba dúnàá-dúràá. Àmọ́ àwọn yẹn ń jà fún owó oṣù, àjẹsílẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì, wọn kì í sábà jí ní kùtù nítorí alẹ́ mẹ́rin ẹnìkan. Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí ọ́fíìsì ìjọba, Public Complaints Commission, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ̀wé sí i. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, National Industrial Court, náà wà, àmọ́ ta ló máa gba lọ́yà nítorí owó tí kò tó ti lọ́yà? Torí náà, inú ọ́fíìsì ni ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí tó sì ń parí sí, láàárín tábìlì méjì tàbí mẹ́ta.

Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ara wọn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ ní Òkè-Bàálẹ̀ nírọ̀lẹ́, sọ fún mi pé kò sígbà kan tí òun kúrò l'Óṣogbo láìní ẹ̀dà ìwé ìfọwọ́sí lápò. Tó bá dé ibi tó lọ, ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe kó tó jẹun ni pé kí ọ́fíìsì ibẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i lẹ́yìn, ohun tó sì ń ṣe kẹ́yìn kó tó wọkọ̀ ni pé kí wọ́n tún tẹ òmíràn. "Òǹtẹ̀ méjì yẹn ni DTA mi," ló wí. Tí ọjọ́ ìfọwọ́sí àti ọjọ́ ìrìnàjò bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjì iye tuntun, kì í dúró kó dé ilé, á ti kọ mẹ́mò kékeré sí ọ̀gá pé kó fọwọ́ sí àlékún, kí ẹ̀ka ìṣirò má bàa ní àwáwí pé iye tó wà níwájú àwọn ni ọ̀gá buwọ́ lù. Mo bi í bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo kàn fi sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ò mọ bàbá yìí nígbà tó lọ sí Àbújá. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, ti ọjọ́ tó dé. Àmọ́ ó ní bíìlì òtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lórí rẹ̀ ní títẹ̀, gbogbo wọn lẹ́yìn tí iye tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọ mẹ́mò kan sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní kó kọ ọ́ gba ọwọ́ ẹ̀ka ìṣirò. Ó kọ ìkejì, ẹ̀ka ìṣirò ní kó fi ẹ̀dà sákúlà mọ́ ọn. Ìgbà tí mo dìde láti máa lọ, ó ti tẹ́ ẹ̀dà sákúlà náà sórí tábìlì, ó fi báírò yí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ po, ó sì ń wá pín-ìnì tó máa fi so ó mọ́ mẹ́mò kẹta.